Orúkọ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Bí ẹ bá dé Creek Road láàárọ̀ tí ẹ béèrè Ẹ̀rínọlá, wọn yóò ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè Màmá Tálì. Awakọ̀ tírélà ni o, alágbàrù ni o, obìnrin tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́nu géètì ni o, gbogbo wọn ni yóò nawọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí aláwọ̀ búlúù kan tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ibẹ̀ ló ti ń ka àpò láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ṣúgà ni, ìyẹ̀fun ni, ohunkóhun tí ọkọ̀ ojú omi bá já sí Àpápá tí tírélà gbé wá, bí àpò kan bá ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ti wọ ìwé. Igi mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Bí alágbàrù kan bá fẹ́ gbọ́n, tó fẹ́ gbé àpò gba ẹ̀yìn, Màmá Tálì kò ní pariwo. Yóò kàn fi bírò kan ìwé lẹ́ẹ̀mejì, onítọ̀hún á sì dá àpò padà fúnra rẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé, yàrá kan nítòsí Boundary, yàrá tí ọkọ rẹ̀ Ebinimi gbà fún un kó tó kú. Wẹ́dà tó ń jó irin ni Ebinimi ní Malu Road, iṣẹ́ náà ló mú un lójú, òun náà ló mú un lẹ́dọ̀fóró, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Peculiar, ti lọ sílé ọkọ ní Warri. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ ni ìyá yìí fi ń rìn láti Boundary gba Malu Road dé Creek Road, àti àlọ àti àbọ̀, lórí eékún méjì tó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ohun tó fẹ́ láyé yìí kò ju kí òun máa wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kí òun jókòó tẹ̀yìntẹ̀yìn bí èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

Ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé àpò. Ìkejì ni ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, òun ló sì fi ń yangàn jù. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, yóò mú rúlà onírin rẹ̀, yóò fa ojú ìwé tuntun, yóò kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ olóṣù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbé e sórí tábìlì Baba Ambrose lẹ́nu géètì. Láràárọ̀ ni olúkúlùkù ń sàmì síwájú orúkọ tirẹ̀ kó tó wọlé. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ àtàǹpàkò. Ìlà Màmá Tálì máa ń gún débi pé awakọ̀ fọ́kílíìfù kan sọ nígbà kan pé tí wọ́n bá fún ìyá yìí ní títì ṣe, Àpápá ì bá má ní kòtò.

Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí kò sí níbẹ̀ rí, orúkọ rẹ̀ ni.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Bàbá Oyèníran tó ni ilé ìkẹ́rùsí náà, tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ló gbà á síṣẹ́ lọ́dún tí Ebinimi kú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ tàwọn alágbàrù, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ kì í ṣe lébìrà. Ọmọ ilé ni ọ́. Orúkọ tìrẹ wà lọ́kàn mi." Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ẹ̀rínọlá lára ṣinṣin. Opó ni, ará ilé ọkọ kò wò ó mọ́, ó sì wá rí ẹni tó pè é ní ọmọ ilé. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, ìyá tó bí i ti kọ́ ọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pé ẹni tó bá ń ka èèyàn ń pe ikú kó wá bá òun ka ìyókù. Ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó dára kí ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn èèyàn yọ tirẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn yòókù ń tò ní ìparí oṣù, wọ́n ń tẹ àtàǹpàkò kí wọ́n tó gbowó. Òun, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń pè é wọ ọ́fíìsì, tó ń fún un ní àpò ìwé funfun tí wọ́n kọ "Àǹtí wa" sí lára. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ló wà nínú rẹ̀. Ti àwọn alágbàrù jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n. Nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà àti àpò ìwé funfun, ìyá náà ń rìn gba àárín wọn kọjá bí ìyàwó ọba. Ẹ má bú u. Ta ni kò fẹ́ iyì?

Nígbà tí Bàbá Oyèníran kú, ọmọ rẹ̀ Ọlábánjí gorí àga. Ọmọlúàbí ni tó bá di ti ká kíni. Kò pe Ẹ̀rínọlá lórúkọ rí, "Àǹtí wa" náà ni. Kò sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé rí, "ẹ" ló ń lò fún un. Àpò ìwé funfun kò dáwọ́ dúró. Àfikún ni kò sí.

Ìparí oṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ bu ọwọ́ lu òfin owó oṣù tuntun. Owó tó kéré jù lọ tí èèyàn lè san fún òṣìṣẹ́ kúrò ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin. Awakọ̀ kan ní ibùdókọ̀ Coconut ló fi òfin náà ránṣẹ́ sí fóònù Akpos. Akpos yìí ni olórí àwọn alágbàrù, ọmọ Ùròbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n já ẹrù, gbogbo wọn rọ̀gbà yí Màmá Tálì ká nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó sì ń kà á fún wọn, bó ti ń kà á ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó dé ibì kan, ó tún un kà sínú, kò túmọ̀ rẹ̀.

Akpos ní, "Màmá, kí ló dé? Wetin dem write for there?"

Ó ní, "Wọ́n ní òfin yìí kò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọn ò ka ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ lórí iye ẹrù tó gbé. Olóṣù nìkan."

"We never reach am?"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó lọ́ tìkọ̀ díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀. Ó wá fi ìka kà wọ́n. Alágbàrù olóṣù mẹ́rìndínlógún. Awakọ̀ fọ́kílíìfù méjì. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń gbálẹ̀. Oluchi àti ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n ń rán àpò tó bá ya. Baba Ambrose lẹ́nu géètì. Mẹ́rìnlélógún. Ọkàn gbogbo wọn já. Ó wá na ìka sí àyà ara rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Ariwo sọ! Àwọn alágbàrù gbé ìyá náà sókè, bàtà rẹ̀ kan bọ́. Akpos ń pariwo pé, "Màmá Tálì don complete us! Na you be our luck!" Oluchi tó lóyún oṣù mẹ́fà jó títí wọ́n fi ní kó rọra. Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá Tálì jó lọ síwájú pẹpẹ, ó dúpẹ́ fún owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún un. Ó tilẹ̀ ti bá oníkẹ̀kẹ́ kan sọ ọ́ pé kó máa yà wá gbé òun láago márùn-ún ààbọ̀ bí oṣù tuntun bá wọlé.

Baba Ambrose nìkan ló bi í ní ìbéèrè tó yẹ. Ará Agbor ni bàbá náà, ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ka òfin yẹn, bí Màmá Tálì ṣe fẹ́ gbé ìwé orúkọ kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀.

"Màmá Tálì. Orúkọ tìẹ ńkọ́? E dey inside?"

Ẹ̀rínọlá rẹ́rìn-ín. "Baba, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń san tèmi. Ta ni kò mọ̀ mí ní Creek Road yìí?"

"I no say dem no know you. I say your name dey inside?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Baba. Èmi kì í ṣe ara wọn."

Baba Ambrose gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé náà. Ì bá dára ká ní ó fi ọwọ́ yẹn gbá a létí.

Oṣù Kẹjọ parí, owó àtijọ́ náà ni wọ́n gbà. Oṣù Kẹsàn-án parí, owó àtijọ́. Ni wọ́n bá kọ lẹ́tà. Màmá Tálì ló kọ ọ́, lẹ́tà tó lẹ́wà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, tó sì parí pẹ̀lú "àwa ọmọ yín tòótọ́". Wọ́n fún ọ̀gá ní ẹ̀dà kan, wọ́n sì fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n rò pé Ọ̀gá Bánjí yóò bínú. Kò bínú. Ó pe Màmá Tálì wọ ọ́fíìsì, ó fún un ní máàtì tútù.

"Àǹtí wa, òfin ni òfin. Bí àwọn ìjọba bá fẹ́ wá, kí wọ́n máa bọ̀. Ẹ kàn bá mi kó àwọn ìwé orúkọ wá, tòní ti àtijọ́."

Ẹ̀rínọlá kó wọn wá, ìwé ọdún mẹ́rìndínlógún, ó tilẹ̀ fi aṣọ nu eruku orí wọn. Ọ̀gá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka èyí tó wà lókè, ó fi ìka tọ orúkọ lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Àǹtí, ọwọ́ yín mà dára o. Kò sí àléébù kankan nínú ìwé yìí."

Ìyá náà dúpẹ́. Ó dúpẹ́, ẹ gbọ́ o! Ó mu máàtì rẹ̀ tán, ó sì jáde tayọ̀tayọ̀. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà, ṣùgbọ́n èkúté tiwa yìí tún bá ológbò pọ́n eyín.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹwàá ni òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Ọ̀dọ́bìnrin ni, Tẹniọlá lorúkọ rẹ̀, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gbé fáìlì sí abíyá. Kò dà bí ẹni tí wọ́n lè fún ní owó ẹ̀yìn, kò sì gbà ju omi tútù lọ. Àgbàlá kún lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ tírélà wà níbẹ̀, alágbàrù olójúmọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó wá gbé ẹrù wà níbẹ̀, mẹkáníìkì méjì wà lábẹ́ ọkọ̀. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀dọ́bìnrin náà wò yíká, ó mi orí.

"Mi ò lè ka orí níbí yìí. Ẹ gbé ìwé orúkọ wá."

Màmá Tálì fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Tẹniọlá fi bírò tẹ̀ lé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣí ti oṣù tó kọjá àti ti èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ó ní, "Mẹ́rìnlélógún ni mo rí. Lẹ́tà yín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Ẹ̀rínọlá ní, "Èmi ni ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mà."

"Ẹ máà bínú, Màmá. Orúkọ yín dà?"

Ọ̀gá Bánjí wá sún mọ́ wọn, ó fi ọwọ́ lé èjìká Ẹ̀rínọlá pẹ̀lú ìfẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

"Àǹtí wa nìyí. Ọmọ ilé ni wọ́n. Nígbà tí ọkọ wọn kú, bàbá mi ní kí wọ́n máa wá síbí kí wọ́n má bàa máa ronú. Wọ́n ń bá wa mójú tó nǹkan. Ohun tí mo ń fún wọn lóṣooṣù, ti ẹbí ni, kì í ṣe owó iṣẹ́."

Kí wọ́n má bàa máa ronú! Ọdún mẹ́rìndínlógún nínú eruku ìyẹ̀fun, tí ikọ́ Ẹ̀rínọlá fi funfun bí ẹ̀kọ. Eékún tó jẹ lórí sìmẹ́ńtì. Ó wá di ẹni tí wọ́n ń fi eré dá lára yá.

Tẹniọlá bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Màmá, ṣé wọ́n fún yín ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́?"

"Bàbá Oyèníran ní orúkọ mi wà lọ́kàn àwọn."

"Báńkì ni wọ́n ń san owó yín sí?"

"Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún mi. Nínú àpò ìwé."

"Ẹ máa ń buwọ́ lu nǹkan kan tí ẹ bá gbà á?"

"Rárá, mà."

Ọkàn Bàbá Oyèníran tí orúkọ Ẹ̀rínọlá wà ti jẹrà nínú ibojì láti ọdún mẹ́fà. Akpos pariwo pé òun jẹ́rìí, gbogbo wọn ní àwọn jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́bìnrin náà ti ń de fáìlì rẹ̀. Kó tó wọ ọkọ̀, ó fa ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ìwé tí mo bá rí ni mo lè mú lọ, ọwọ́ yín lẹ sì fi kọ ọ́. Bí orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá wà nínú ìwé yín fún oṣù kan gbáko, ẹ pè mí. Mo máa padà wá."

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kúrò, àwọn èèyàn fọ́nká. Akpos nìkan ló dúró. Omijé wà lójú ọkùnrin náà, ọkùnrin tó ń gbé àpò ṣúgà méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Màmá Tálì. You wey dey count bag for the whole Apapa. Ẹ kàn wá gbàgbé láti ka ara yín?"

Kì í ṣe ìgbàgbé, Ẹ̀rínọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ìgbàgbé ni, ì bá sàn. Ìgbéraga ni. Ó ti ń wo orúkọ wọn láti ọdún mẹ́rìndínlógún wá gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn ẹni tí kò tó òun, ó sì ti yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín wọn tìdùnnútìdùnnú. Lọ́jọ́ náà, bó ti ń rìn gba Malu Road padà sílé, ó bú Bàbá Oyèníran nínú ibojì rẹ̀, ó bú ọmọ rẹ̀, ó bú ara rẹ̀ jù lọ. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni pé òṣìṣẹ́ kan lè jókòó sí etí ibòòji náà kó máa rò pé òun ni ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó mú rúlà, ó fa ojú ìwé tuntun. Baba Ambrose ló wà ní orí ìlà kìíní bó ti máa ń wà, nítorí òun ló ń ṣí géètì. Ó kọ àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó fa ìlà kan sí i, ó sì kọ ọ́: Ẹ̀rínọlá Ebinimi. Lẹ́nu géètì, Akpos wò ó, ó sì fi ọwọ́ kan ìyá náà léjìká kó tó wọlé. Baba Ambrose fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ìlà tirẹ̀, ó ní, "Better. Now you dey." Oṣù kan gbáko ni wọ́n nílò. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Aago méjì ọ̀sán ni Ọ̀gá Bánjí pè é. Ìwé orúkọ wà níwájú rẹ̀.

"Àǹtí wa, mo rí ohun tí ẹ ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí orúkọ yín ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Ẹ ṣé, sà."

"Àmọ́ ẹ wò ó, ìwé náà ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Agbára mi kò gbé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ bá mi fa igi lé ọ̀kan."

Ẹ̀rínọlá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ta ni, sà?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n, Àǹtí. Ẹ̀yin lọmọ ilé. Kó tó di aago márùn-ún o. Bí kò bá sí, èmi á fà á lé ti ẹni tó wọ ìwé kẹ́yìn." Ó sún ìwé náà sí i lórí tábìlì, ó sì mú fóònù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún yín, torí ẹlòmíràn á gbà á sọ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rínọlá ì bá sọ pé òun kò fà. Ì bá gbé ìwé náà jáde fún Akpos kó wò ó. Ì bá fà á lé tirẹ̀, kó sì máa lọ sílé tòun ti ọlá rẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun láti aago méjì títí di aago mẹ́rin kọjá, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Ó wo Oluchi, oyún wà níkùn rẹ̀. Ó wo àwọn alágbàrù, ọ̀kan bí ìbejì lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó wo Akpos, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan Akpos, eegun rẹ̀ kò ní délé. Ó wo orúkọ ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, yíǹkì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wà láìsí níbẹ̀. Kò tíì lo ọjọ́ kan tán. Ó wá wo orí ìlà kìíní.

Bàbá ti dàgbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é sílé ní Agbor. Ó máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ sinmi. Bí a ṣe máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn bí a bá fẹ́ ṣe ìkà, a máa ń fi ọ̀rọ̀ àánú bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Màmá Tálì gbé rúlà onírin rẹ̀ lé ìlà kìíní, ó sì fa igi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló kọ́kọ́ dé lẹ́yìn bàbá náà. Ìwé ti wà lórí tábìlì. Baba Ambrose kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìlà rẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ láti ọdún mọ́kànlélógún. Ó ti tẹ ìka sínú yíǹkì, ìka náà sì wà lókè.

"Who draw this one?"

"Baba, ọ̀gá ló ní kí..."

"I no ask wetin Oga talk." Ó fi ìka tó ní yíǹkì náà tọ ìlà tó gba orí orúkọ rẹ̀ kọjá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọ̀ dúdú ń tẹ̀ lé e. "E straight. Ọwọ́ ọ̀gá kọ́ nìyí."

Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, ìyá náà ì bá rí nǹkan fi dáhùn. Ó mú aṣọ òjò rẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, ó mú fíláásìkì tíì rẹ̀ àti rósárì tó ń gbé kọ́ sára ìṣó. Ó kó kọ́kọ́rọ́ géètì sórí ìwé orúkọ, ó bọ́ sí Creek Road, ó sì kọjú sọ́nà ìdíkọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan bi í bóyá yóò wọlé, ó jùwọ́ pé rárá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Géètì ṣí sílẹ̀, kò sí ẹni tó wà lórí àga. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo Màmá Tálì, wọ́n sàmì, wọ́n wọlé. Kò sẹ́ni tó kí i. Akpos ló kẹ́yìn. Ó dúró lórí ìwé náà pẹ́, ó sàmì tirẹ̀, ó sì tu itọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Màmá Tálì.

Ìgbà tí gbogbo wọn ti wọlé ni ìyá náà sàmì síwájú orúkọ ara rẹ̀. Nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, òun wà nínú wọn.